Ọjọ́ Tí Afẹ́fẹ́ Òkè Tì Wá Sílẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bímọ lọ́jọ́ tí snow bo gbogbo òkè North Carolina mọ́lẹ̀. Dókítà ni ọmọbìnrin yìí. Ilé ìwòsàn kékeré kan láàárín àwọn òkè yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì bímọ sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí í ṣe ìyá rẹ̀, ti lọ dúró tì í kí ojú ọjọ́ tó bàjẹ́. Ọkọ wọn nìkan ló ṣẹ́kù sílé ní Douglasville, nítòsí Atlanta ní Georgia, tí wọ́n ń rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnì, láti kíṣìnì dé ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún.

Bọ̀dá ni mo máa ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn náà á sì pè mí ní Ìyàwó, bí ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni ṣe máa ń bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ ṣeré. Dókítà eyín ni wọ́n, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè sí ẹni tó bá jókòó sórí àga wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan bàlúù, ọmọdé ni wọ́n ń dà. Wọ́n ní bàlúù kékeré kan, oníjókòó mẹ́rin, ẹnjìnì ẹyọ kan, tí wọ́n ń gbé sí pápá kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé mi gòkè, tí mo rí adágún omi Lake Lanier nísàlẹ̀ tó ń dán yanran láàárín igbó, ọkàn mi kò wálẹ̀ mọ́. Mo lọ gba olùkọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Marietta, lọ́dọ̀ àwọn tí àìsàn wọn le jù. Bí mo bá ti lọ́jọ́ ìsinmi, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ sí mall, pápá bàlúù lèmi ń wa mọ́tò lọ. Nígbà tí mò ń sọ yìí, mo ti ń dá gbé bàlúù gòkè, mo sì ń dá gbé e balẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì gba láísẹ́ǹsì.

Bọ̀dá pè mí nígbà tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lórí títì I-75. Wọ́n ní àwọn ti rí àwòrán ọmọ lórí fóònù, pé iwájú orí ìyá àwọn gan-an ló gbé wá sáyé, àwọn ò sì lè dúró de ìgbà tí ìjọba máa kó snow kúrò lójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún wọn pé àwọn ọkọ̀ ńlá ti há sórí òkè, ọlọ́pàá sì ti dí ọ̀nà, pé kí wọ́n fara balẹ̀. Bọ̀dá ò jiyàn. Wọ́n kàn bi mí bóyá mo níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mi ò níṣẹ́, inú mi sì ti ń dùn kí wọ́n tó sọ ìyókù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run mọ́ kedere, òtútù sì mú débi pé èémí wa ń rú bí èéfín. Ìrì ti dì sórí ìyẹ́ bàlúù. A fi aṣọ nu gbogbo rẹ̀ kúrò, nítorí ìrì dídì tí kò ju bébà lọ lè mú kí ìyẹ́ má lè gbé bàlúù dúró lófuurufú. Bọ̀dá ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ sí mi létí. Snow ti kọjá lọ, ìkùukùu díẹ̀ ló kù káàkiri, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidi gan-an lórí òkè láti apá àríwá ìwọ̀ oòrùn.

“Bí kò bá dára lọ́hùn-ún, a ó ṣẹ́rí padà,” ni wọ́n wí. “Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.”

Mo di ẹrù ìyá ọmọ sẹ́yìn ìjókòó: àdín àgbọn, ata gígún, ọbẹ̀ tó ti dì gbagidi nínú freezer, àti ẹja àrọ̀ gbígbẹ tó le bí igi ìdáná. Bọ̀dá sọ pé Bísímílà, wọ́n ṣíná sí ẹnjìnì, a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ẹni tí kò bá tíì wọ bàlúù kékeré nígbà òtútù kò tíì mọ ohun tí fífò jẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń ki, bàlúù sì fẹ́ràn rẹ̀. A ò tíì lo ìdajì pápá tí ilẹ̀ fi jábọ́ lábẹ́ wa. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Gbogbo Atlanta tẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní: àwọn ilé gíga àárín ìlú, ọkọ̀ tó tò lórí títì bí èèrà, òrùlé ilé ìtajà tó lọ salalu. Láìpẹ́, igbó ló kù, lẹ́yìn náà adágún omi, lẹ́yìn náà àwọn òkè kéékèèké. Bọ̀dá ká ọwọ́ kúrò lórí ìdarí, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Àwọn ń wo àwòrán ọmọ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òkè ńlá yọ. Wọ́n funfun láti orí dé ìdí. Oòrùn bọ́ sórí snow, ó ń ta sí wa lójú. Òkè kan lẹ́yìn òkè kejì, títí ojú ò fi rí i mọ́. Mo ti gbé ní Georgia fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti wa mọ́tò kọjá nísàlẹ̀ òkè wọ̀nyẹn láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn fún ẹni tó bá wò wọ́n láti òkè. Mo ń tọ́ka sí èyí, mo ń tọ́ka sí tọ̀hún. Bọ̀dá ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni bàlúù ti kọ́kọ́ gbọ̀n. Bọ̀dá gba ìdarí lọ́wọ́ mi. Òkè kan ṣoṣo ló kù láàárín àwa àti ìlú tí à ń lọ, ó gùn lọ bí ògiri. Wọn ò dojú kọ ọ́ tààrà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń sún mọ́ ọn, kó lè rọrùn láti yí kúrò. Mo ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé wa. Bí omi odò ṣe ń gun orí àpáta, tó sì ń ya lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ṣe lórí òkè. Ẹni tó bá wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń kọjú sí, á gbé e sókè. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn òkè, á tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹ̀yìn òkè làwa wà.

Mo wo aago tó ń sọ bí a ṣe ga tó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń yí padà sẹ́yìn. Bọ̀dá ti fún ẹnjìnì ní gbogbo agbára tó ní, imú bàlúù sì kọjú sókè, síbẹ̀ à ń wálẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ agbéniròkè tí okùn rẹ̀ tú. Orí òkè tí à ń wò nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti wá bá wa dọ́gba. Mo rí igi lórí rẹ̀, mo rí snow tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n kúrò lára ẹ̀ka.

“À ń ṣẹ́rí padà,” ni Bọ̀dá wí. Ohùn wọn ò yí padà rárá. Ohùn tí wọ́n fi ń sọ fún aláìsàn pé kó la ẹnu ni.

Wọ́n yí bàlúù kúrò lára òkè, a sì bọ́ sórí àfonífojì. N kò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà àti ayọ̀ ti wọnú ara wọn, mi ò mọ èyí tí mo lè pè ní èwo. Ojú mi là sílẹ̀. Mo ń rí gbogbo nǹkan.

Ohun tí mo rí ni pé ọ̀nà tí a gbà wọlé ti dí. Ìkùukùu ti rọ̀ wálẹ̀ sẹ́nu àfonífojì náà, snow sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í já nínú rẹ̀. Ó dé bá wa kí a tó rí ibi yà sí. Láàárín ìgbà díẹ̀, yìnyín ti bo fèrèsé iwájú, ó sì ń dì mọ́ etí ìyẹ́ lójú mi báyìí, ó ń nípọn sí i. Bàlúù wúwo. Lẹ́yìn náà, ẹnjìnì wúkọ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é, Bọ̀dá náà sì mọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù tó sì lọ́rinrin, yìnyín a máa dì sí ọ̀fun kábúrétọ̀, a sì fún ẹnjìnì lọ́rùn. Bọ̀dá fa irin ìfà tó ń fẹ́ ooru sí i. Ẹnjìnì tún wúkọ́, ó pòfóló, ó gbọ̀n gbogbo wa, ó wá padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n kò bọ̀ sípò tán. Agbára tó kù lára rẹ̀ kò lè gbé wa àti yìnyín orí ìyẹ́ pọ̀.

“Ìyàwó, a máa balẹ̀. Pè wọ́n lórí rédíò, kí o sì bá mi wá ibi tí kò ní igi.”

Mo tẹ rédíò, mo ké Mayday, igbe ìrànlọ́wọ́ àwọn awabàlúù, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Obìnrin kan tó ń darí àwọn bàlúù láti Atlanta dá mi lóhùn. Mo sọ ibi tí a wà fún un, mo sọ pé ènìyàn méjì ni wá, pé yìnyín ti bò wá. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní òun ti ń bá wa pe àwọn tó máa wá gbé wa, kí n máa bá òun sọ̀rọ̀ títí n kò fi ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ṣì ń rántí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi ò tíì dí tán. Níbẹ̀ ni mo gbà rí oko kan. Igi Kérésìmesì kéékèèké ló wà níbẹ̀, tí wọ́n gbìn ní ìlà ní ìlà, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pápá ìjẹko màlúù kan tó funfun báláú, tó gun ara òkè lọ.

Mo ní, “Bọ̀dá, ọwọ́ ọ̀tún yín. Ó gùn, ó sì ń gòkè.”

Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ibẹ̀ ni.”

Wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi díẹ̀, kí n fi nǹkan há a, nítorí bí bàlúù bá tẹ̀, ilẹ̀kùn tó bá tì kì í ṣeé ṣí mọ́. Mo nawọ́ sẹ́yìn, ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà ni ẹja gbígbẹ ìyá ọmọ. Mo fi ẹja àrọ̀ há ẹnu ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn tútù wọlé ṣùù. Bọ̀dá pa epo, wọ́n pa iná, bàlúù dákẹ́ jẹ́ẹ́, a sì ń gbọ́ atẹ́gùn nìkan.

Bọ̀dá fa imú bàlúù sókè kó lè bá òkè náà dọ́gba. Ìdí wa kan snow. Ó kọ́kọ́ rọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sórí òwú, mo sì ti fẹ́ sọ pé a ti balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni táyà iwájú rì. Ayé yí. Mo rí snow, mo rí ọ̀run, mo tún rí snow, gbogbo ẹrù ẹ̀yìn dà sórí wa, a dúró.

Bàlúù àti àwa ti dorí kodò. Bẹ́líìtì gbé wa rọ̀ bí àdán. Ọbẹ̀ dídì kan yí gbirigbiri kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

“Ìyàwó, ṣé o wà?”

“Mo wà, Bọ̀dá. Ẹ má tíì tú bẹ́líìtì yín.”

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo bi wọ́n bóyá ọrùn ń dùn wọ́n, mo ní kí wọ́n mi ìka ẹsẹ̀. Èjìká òsì wọn ni kò dára. Mo fọwọ́ kàn án, mo mọ̀ pé eegun rẹ̀ ti kán. Mo fi ọwọ́ kan ti òrùlé tó ti di ilẹ̀ fún wa, mo tú bẹ́líìtì mi, mo rọra jábọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbá wọn mú ní apá ọ̀tún, mo tú bẹ́líìtì tiwọn. Òórùn epo ti ń jáde. Ìyẹ́ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn Bọ̀dá ti tẹ̀ kángun sí ara bàlúù, ilẹ̀kùn yẹn ò mira. Tèmi ṣí. Ẹja ṣì há síbẹ̀, kò tilẹ̀ fọ́; mo fà á yọ, mo mú un dání.

A wọ́ jáde, a jìnnà sí bàlúù, a jókòó sínú snow. Mo fi ìborùn mi so ọwọ́ Bọ̀dá mọ́ wọn láyà. Snow ń já sórí wa jẹ́jẹ́. Kò sí ohùn kankan níbikíbi. Bọ̀dá sọ pé Alhamdulillahi, wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ. Ẹ̀rín ni tèmi. Mo rín títí omi fi dà lójú mi. Ohun gbogbo dùn mọ́ mi: òtútù tó ń wọ bàtà mi, àwọn igi kéékèèké tó tò bí ọmọ iléèwé, irùngbọ̀n Bọ̀dá tó ti funfun. Bí wọ́n bá ní kí n dìde kí n sáré gun òkè yẹn, ǹ bá sáré gùn ún.

Olóko náà àti ìyàwó rẹ̀ ló wá bá wa, wọ́n gun katakata. Òyìnbó ni wọ́n, àwọn méjèèjì ti dàgbà. Ìyàwó olóko ló sọ fún wa pé òun ń fún màlúù ní koríko nígbà tí òun gbọ́ ẹnjìnì tó ń wúkọ́ nínú ìkùukùu, òun sì ti sọ fún ọkọ òun pé kó gbé katakata jáde kí àwọn tó tilẹ̀ rí wa. Ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún mi bí ẹni wọṣọ fún ọmọ. Ọkọ rẹ̀ wo bàlúù, ó wo Bọ̀dá, ó ní òun ò tíì rí ẹni tó balẹ̀ lórí pápá òun rí, pé kí wọ́n jọ̀wọ́, nígbà mìíràn kí wọ́n gba ẹnu géètì. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, èjìká dùn wọ́n, wọ́n fọwọ́ dì í mú.

Wọ́n gbé wa lọ sílé wọn, wọ́n fi kúbùsù wé wa níwájú iná igi. Àwọn ọlọ́kọ̀ pàjáwìrì dé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ti fi ṣéènì wé táyà wọn kó má baà yọ̀ lórí snow. Obìnrin orí rédíò ti sọ ibi tí a wà fún wọn. Mo bi wọ́n ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé wa lọ. Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo ló sún mọ́ wa, lódìkejì òkè, pé ọlọ́pàá á ṣí ọ̀nà fún àwọn. Nígbà tí wọ́n sọ orúkọ ìlú náà, Bọ̀dá dìde jókòó lórí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ wọn sí.

“Ibẹ̀ ni ọmọ mi wà,” ni wọ́n wí. “Ibẹ̀ ni mò ń lọ tẹ́lẹ̀.”

Nígbà tí a dé, wọ́n ya àwòrán egungun, wọ́n di èjìká, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọn ò rí ju ojú ọ̀gbẹ́ wẹ́wẹ́ lọ. Wọ́n gbé Bọ̀dá sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, èmi ló sì ń tì wọ́n lọ sí ẹ̀ka àwọn abiyamọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti òdìkejì pẹ̀lú ife omi gbígbóná lọ́wọ́. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n wo èmi, wọ́n wo ẹja gbígbẹ tó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ wọn.

“Ọ̀nà wo lẹ gbà wá?”

Bọ̀dá fi ọwọ́ tó ṣì dára tọ́ka sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Wọ́n gbé ife sílẹ̀ lórí fèrèsé, wọ́n dì mọ́ ọkọ wọn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbá mi létí fẹ́ẹ́, wọ́n sì tún fà mí mọ́ra. Nínú yàrá, ìyá ọmọ rò pé eré ni. Nígbà tó yé e pé kì í ṣe eré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè dókítà, bó ṣe ń sunkún. Wọ́n gbé ọmọ lé ọwọ́ ọ̀tún Bọ̀dá, mo fi ọwọ́ gbé e ró lábẹ́. Bọ̀dá tẹ̀ sí etí ọ̀tún rẹ̀, wọ́n pe ìrun sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ náà yán.

Àwọn aṣojú ìjọba wá yẹ bàlúù wò, wọ́n bi wá ní ohun gbogbo. Wọ́n ní yíyí tí Bọ̀dá tètè yí kúrò lára òkè ló gbà wá là, pé ìkùukùu tó rọ̀ wálẹ̀ ló tún kó wa sí ìjàǹgbá. Wọ́n tú bàlúù sí wẹ́wẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù gbé e sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn tí ojú ọ̀nà là. Kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe òfin kan fún wa: a lè máa fò bó ṣe wù wá, ṣùgbọ́n nígbà òtútù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé bàlúù kékeré kọjá òkè wọ̀nyẹn mọ́. Bọ̀dá gbà láìjiyàn. Wọ́n ní àwọn ti rí ohun tí àwọn ń wá níbẹ̀.

Èmi padà sí pápá nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Olùkọ́ mi rò pé ara mi á máa gbọ̀n, òun náà ti jókòó gírí. Ara mi ò gbọ̀n. Bí táyà ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rín ọjọ́ kìíní yẹn tún bú lẹ́nu mi, àfi pé ojú mi ò kúrò lára ìkùukùu mọ́, bó ti wù kó jìnnà tó.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì. Ọkùnrin tó wá dán mi wò kò mọ̀ mí rí. Ó bi mí ní ohun tí mo bá máa ṣe bí mo bá wà lẹ́yìn òkè nígbà òtútù, tí bàlúù ń lọ sílẹ̀, tí ẹnjìnì sì ń wúkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti afẹ́fẹ́, mo sọ ti kábúrétọ̀, mo sọ ti ilẹ̀kùn, mo dìde dúró kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì júwe bí òkè náà ṣe gùn tó. Ó gbé gègé sílẹ̀, ó ń wò mí. Nígbà tí mo dé orí oko igi Kérésìmesì, ó ní kí n jókòó, pé ó ti tó, pé òun gbà, kí a lọ fò.